Ìyá Tí Ó Pa Ọmọ àti Bàbá Tí Ó Pa Ọmọ: Bí Ìdájọ́ Wọn Ti Rí ní Èkó

Àwọn ìwé ìtàn Èkó tí ó wà lọ́wọ́ wa kò ṣàì sọ ti àwọn ọba tí ó jẹ ní Ìgà Ìdúngànràn, ti ìjà Kòsọ́kọ́ àti Akíntóyè, ti bí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ńlá fọ́ ìlú ní oṣù December ọdún 1851, àti ti àdéhùn tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 6 oṣù August ọdún 1861. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìyẹ̀wù, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kì í sábà dé inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwa ṣe fẹ́ mú ọ̀ràn kan wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, tí kò dùn láti gbọ́, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí a máa fi ọwọ́ bò: ọ̀ràn òbí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ tí ó bí.

Kò sí ẹni tí kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ìyá tí ó pa ọmọ àti bàbá tí ó pa ọmọ kò jọ ara wọn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é yàtọ̀, ọjọ́ orí ọmọ tí wọ́n pa sábà máa ń yàtọ̀, ojú tí ìlú àti òfin fi wò wọ́n sì yàtọ̀ púpọ̀púpọ̀. Èrò tiwa, tí a ó gbìyànjú láti fi hàn láti inú ìtàn, ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, níbi tí àṣẹ àti pa ọmọ bá gbé wà, ọwọ́ ọba àti ti ìdílé bàbá ni àṣẹ náà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì dé sí Erékùṣù Èkó, obìnrin nìkan ni ó bá lójú ọ̀nà, ọkùnrin sì bọ́ kúrò nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìbejì. Lónìí, ta ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ iyì Táíwò àti Kẹ́hìndé? Síbẹ̀ àwọn àgbà kò fi í pamọ́ pé ìgbà kan wà tí ìbí ìbejì jẹ́ èèwọ̀ ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Oǹdó sọ pé ayaba kan bí ìbejì ní ààfin. Àwọn kan ní ààfin Ọ̀yọ́ ni, àwọn mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀ ni, ní ayé Odùduwà. Àwa kò ní bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà ni pé ikú ni ó tọ́ sí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àti pé dípò kí a pa wọ́n, a lé ìyá àti ọmọ jáde kúrò ní ìlú. Nínú ìrìn wọn ni Oǹdó ti jáde wá, a sì ń pe Pupupu, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, tí í ṣe obìnrin, ní Ọṣemàwé àkọ́kọ́. Kí òǹkàwé wa kíyè sí ipò tí olúkúlùkù dúró sí nínú ìtàn yìí. Bàbá ni ó ni ìdájọ́. Ìyá kò ní ohùn. Ohun tí ó ní ni ẹ̀yìn tí ó fi pọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Bákan náà ni ó rí ní Kálábà, níbi tí Mary Slessor dé ní ọdún 1876. A ń pa ìbejì, a ń lé ìyá wọn kúrò láàrin ìlú, bàbá wọn sì jókòó sí ilé rẹ̀. Ní ọdún 1878 ni àwọn ìjòyè ibẹ̀ bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn láti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì tún gba ọdún púpọ̀ kí àṣà náà tó kú. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ ènìyàn dúdú nìkan ni. Ní Róòmù àtijọ́, bàbá ni ó ń pinnu bóyá a ó tọ́ ọmọ tí a bí sínú ilé rẹ̀ tàbí a ó gbé e sọnù. Ọdún 374 ni òfin àwọn ọba Róòmù tó sọ pípa ọmọ-ọwọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú tọ́ sí. Ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n ti ń bo ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ láàyè, àwọn olórí ilé ni Kùránì dojú ọ̀rọ̀ kọ nígbà tí ó kọ̀ fún wọn láti máa pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì.

Bí èèwọ̀ ìbejì ti yí padà di ọlá láàrin wa jẹ́ ohun ìyanu. T. J. H. Chappell, ẹni tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1974, gbà pé ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀, àti pé láti ìhà Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí wa ní etí ọ̀sà, ni ó ti tàn ká. Nígbà tí Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1830, ó kọ ọ́ pé òun rí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá tí ń gbé ère igi kiri nítorí ìbejì wọn tí ó kú. Kí a má ṣe gbójú fo èyí. Nígbà tí a ń pa ìbejì, ìpinnu ọkùnrin ni. Nígbà tí a dáwọ́ dúró, àwọn ìyá ni a rí tí wọ́n ń gbé ère, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu.

Irú pípa kejì tí ìlú kò pè ní ìpànìyàn ni ìrúbọ. Bí a bá ka ìtàn Mọrèmi ní ọ̀nà tí adájọ́ fi ń ka ìwé ẹ̀sùn, ìyá tí ó fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorógbó, fún odò Ẹ̀sìnmìrìn ni. Kò sí ẹni tí ó pè é ní apànìyàn rí. Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bákan náà ni àwa tí a ń ka Bíbélì kì í pe Jẹfta ní apànìyàn nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Nítorí pé gbogbo ìlú ni ó jàǹfààní ikú náà, gbogbo ìlú ni ó fi aṣọ bo òbí náà. Ní Èkó fúnra rẹ̀, John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tí ó ń wá ra ẹrú ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1823 pé ọdọọdún ni a ń fi ọmọbìnrin kan rúbọ kí òjò lè rọ̀ dáadáa. Olówò ẹrú ni, kò sì yẹ kí a gba ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n a rí i pé àdéhùn tí Akíntóyè bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 1852 kọ fífi ènìyàn rúbọ ní gbangba. Òwe àwọn àgbà tilẹ̀ wà tí ó dàbí ẹni pé ó ń bá irú àṣà bẹ́ẹ̀ wí láti inú wá: a kì í fi ọmọ Orẹ̀ bọ Orẹ̀.

Ti abíkú kò sí nínú ohun tí a ń sọ yìí. Òkú ọmọ ni wọ́n ń fi abẹ tàbí iná sàmì sí, kí ó má bàa padà wá. Ìbànújẹ́ òbí ni, kì í ṣe pípa.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tún mọ ìyá mìíràn, tí ó dá pa ọmọ tirẹ̀ láìsí àṣẹ ọba tàbí ti òòṣà. Wọ́n ní orúkọ fún ohun tí ó ṣe é. Abísínwín ni wọ́n ń pè é: ẹni tí ó bímọ tí ó sì sínwín. Nígbà tí Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1964 lórí oríṣiríṣi wèrè tí àwọn oníṣègùn Yorùbá mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, abísínwín wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tó láti fi hàn pé àwọn àgbà ti ṣàkíyèsí pé ìbímọ lè da ọkàn obìnrin rú, láìjẹ́ pé ìyá náà jẹ́ ìkà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ England, pẹ̀lú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀, kò fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú òfin títí di ọdún 1922.

Ẹni tí ó bá mọ ètò agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó yóò sì mọ̀ pé ìmọ̀ yìí kò dúró lórí ahọ́n nìkan. Ọlọ́mọ tuntun kì í dá wà. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyálé wà níbẹ̀, agbẹ̀bí ń wọlé ó ń jáde. Àwọn ni wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ ìyá, tí wọ́n ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń fún un ní àgbo. Ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ ní àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí sì jẹ́ ọjọ́ tí ojú púpọ̀ wà lára ìyá àti ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìṣẹ́jú kan kò ní í kọjá tí àgbà obìnrin kan kò ní í gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sọ pé agbo ilé kò ní àbùkù. Ó ní tirẹ̀, ìlara orogún kò sì kéré nínú rẹ̀. A kàn ń sọ pé ó ṣòro kí obìnrin dá lóyún, kí ó dá bí i, kí ó sì dá pa á nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Fún bàbá ńkọ́? A kò ní ọ̀rọ̀ bí abísínwín fún un. A ní ìkà, a ní ọ̀dájú, a ní onínú fùfù. Ìwà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí í ṣe àìsàn. Láti inú èdè wa wá ni a ti ṣàánú fún ìyá, tí a sì dá bàbá lẹ́jọ́.

Nígbà tí Èkó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí a ṣe ní ọdún 1863 mú òfin ilẹ̀ England wọlé, òfin ilé ẹjọ́ gíga ti ọdún 1876 sì sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin England gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ 24 oṣù July ọdún 1874 ni adájọ́ Èkó yóò máa tẹ̀lé. Ó yẹ kí a mọ irú òfin tí ó wọ ọkọ̀ wá yìí. Ní ọdún 1624 ni England ti ṣe òfin pé bí obìnrin tí kò ní ọkọ bá bímọ, tí ó fi òkú ọmọ náà pamọ́, apànìyàn ni, àfi bí ó bá rí ẹlẹ́rìí tí yóò jẹ́rìí pé òkú ni a bí ọmọ náà. Obìnrin aláìlọ́kọ nìkan ni òfin náà dárúkọ. Kò béèrè ẹni tí ó fún un lóyún. Ní ọdún 1803 wọ́n pa òfin náà rẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kékeré kan rọ́pò rẹ̀, ẹ̀sùn fífi ìbí ọmọ pamọ́, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún 2 lọ. Ní ọdún 1861 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ó lè mú ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìyá. Ìdájọ́ ikú ṣì wà nínú ìwé fún pípa ọmọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1849 wọn kò so ìyá kọ́ mọ́ ní England nítorí ọmọ-ọwọ́ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún kan. Adájọ́ yóò dé fìlà dúdú, yóò ka ikú sí i lórí, gbogbo ènìyàn nínú ilé ẹjọ́ yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Èyí ni òfin tí ó wá jókòó sí ilé ẹjọ́ ní Tinúbú, tí ẹ̀wọ̀n Broad Street sì wà lẹ́yìn rẹ̀: òfin tí kò mọ abísínwín, tí kò sì mọ bàbá.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa le sí wàyí. Fífi ìbí ọmọ pamọ́ kò lè wà láìsí ìtìjú, ìtìjú sì ní ìtàn tirẹ̀ ní Èkó. Nínú àṣà wa, bí ọkùnrin bá ti gbà pé òun ni òun ni oyún, ọmọ ti ní bàbá, ó ti ní ilé, ó ti ní ìpín nínú ogún, ìbáà ṣe pé wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ níyàwó tàbí wọn kò tí ì gbé e. Ọ̀rọ̀ ọmọ àlè wà lóòótọ́, èébú burúkú sì ni; ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ̀, tàbí tí a kò mọ bàbá rẹ̀, ni ó ń bá wí. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 mú nǹkan mìíràn wá. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ ti gba aya kan ṣoṣo, ogún rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé òfin Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ẹjọ́ Cole ní ọdún 1898, ilé ẹjọ́ Èkó pinnu pé bí ọkùnrin tí ó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìpíngún, àṣà ìbílẹ̀ kọ́ ni yóò pín ogún rẹ̀. Àwọn ìdílé Sàró ní Olówógbówó àti ní Marina, àwọn tí ó kún inú ìjọ, ni wọ́n kọ́kọ́ wọ inú òfin yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn kò fi àṣà àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní aya kan nínú ilé àti obìnrin mìíràn ní ìta. Gbogbo Èkó mọ̀, àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà sì jiyàn lé e lórí títí. Ọ̀ràn aya púpọ̀ yìí wà nínú ohun tí ó bí àwọn ìjọ Áfíríkà tí ó yà kúrò, èkíní ní ọdún 1891, èkejì ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, ti ọkùnrin ni wọ́n ń sọ: aya mélòó ni ó tọ́ fún un? Wọn kò sábà béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ obìnrin ìta. Lójú òfin, ọmọ náà kò ní bàbá. Ìjọ kò fẹ́ rí oyún aláìlọ́kọ lára ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oyún tí kì bá ti jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ fún àwọn àgbà ìdílé méjì láti jókòó sọ, di ohun tí ọmọbìnrin fi aṣọ dè mọ́ inú.

Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un wá láti òkè kí ó lè kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ilé. Ilé alájà tí ó ń gbé ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ìyá ọkọ, kò sí ìyálé, kò sí agbẹ̀bí. Ẹni tí ó fún un lóyún lè jẹ́ olórí ilé náà fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀. Bí òru bá dé tí ó sì bímọ, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dé ní òwúrọ̀, òun nìkan náà ni wọn yóò bá. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan pàtó ni a ń rò yìí, ọ̀nà tí ilé tuntun àti òfin tuntun là sílẹ̀ ni. A kò sì sọ pé òfin ìgbéyàwó ni ó pa ọmọ kankan. Ohun tí a ń sọ ni pé ó yọ àwọn ẹlẹ́rìí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìyá, ó sì yọ orúkọ bàbá kúrò lára ọmọ. Òwe wa kan ti wà tẹ́lẹ̀ tí ó ṣe ojúsàájú tó bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kàn wá fi èdìdì ìjọba lù ú ni.

Ó pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ní ọdún 1955, nínú ẹjọ́ Alákè àti Pratt, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbà pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ayé rẹ̀ yóò bá àwọn ọmọ ìgbéyàwó ìjọba pín ogún, àní bí a kò tilẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ níyàwó. Àwọn adájọ́ kan tún fà á sẹ́yìn lẹ́yìn ìgbà náà, kí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 tó sọ ní gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a gbà bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Òfin ìwà ọ̀daràn ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé òfin ọdún 1916, tí a mú láti inú ti Gúúsù Nàìjíríà ọdún 1904, sọ ní abala 307 pé ọmọ ti di ẹni tí a lè pa ní kété tí ó bá ti jáde tán láàyè láti inú ìyá rẹ̀, ìbáà ti mí tàbí kò tí ì mí, ìbáà jẹ́ pé a ti gé ìwọ́ rẹ̀ tàbí a kò tí ì gé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abala 327A kún un, tí a wò láti ara òfin England ọdún 1938: bí ìyá bá pa ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé oṣù 12, tí ọkàn rẹ̀ kò sì dúró déédé nígbà náà nítorí pé ara rẹ̀ kò tí ì bọ̀ sípò láti inú ìbímọ, tàbí nítorí ọmú tí ó ń fún ọmọ, a kò ní dá a lẹ́jọ́ bí apànìyàn tí ikú tọ́ sí. Abísínwín wọ inú òfin níkẹyìn, lábẹ́ orúkọ àjèjì. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá ti wà láti ọdún 1907, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ó fi jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ. Ìgbà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954, tí ó ń gba àwọn aláìsàn pẹ̀lú ará ilé wọn sí abúlé tí ó yí i ká, ni a tó rí ohun tí ó jọ àbójútó agbo ilé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí àánú òfin yìí kò kàn. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe abísínwín. Ẹ̀rù ni ó bà á, ojú ni ó tì í. Bí agbẹjọ́rò rẹ̀ bá fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là, àfi kí ó wí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òfin lè ṣàánú fún wèrè. Kò mọ bí a ti í ṣàánú fún ìtìjú, nítorí pé bí ó bá béèrè ìdí ìtìjú náà, yóò di dandan kí ó béèrè bàbá ọmọ.

Bàbá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ kò sí nínú abala 327A rárá, àwọn oníṣègùn ni ó sì ti ràn wá lọ́wọ́ jùlọ láti mọ̀ ọ́n. Phillip Resnick, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, kó ẹjọ́ 131 jọ ní ọdún 1969 láti inú ìwé onírúurú ilẹ̀, láti ọdún 1751 títí di 1967: ìyá 88 àti bàbá 43. Inú ìwé àwọn oníṣègùn ni ó ti ṣà wọ́n, nítorí náà alárùn ọpọlọ pọ̀ nínú wọn ju bí ó ti rí ní ìgboro lọ. Ó rí i pé ó ju ìdajì àwọn ìyá náà lọ tí wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe fún ọmọ, pé àwọn ń gbà á lọ́wọ́ ìyà ayé, ọ̀pọ̀ wọn sì fẹ́ bá ọmọ náà kú. Omi tàbí ìfún-lọ́rùn ni ìyá ń lò. Lílù àti ọ̀bẹ pọ̀ ní ọwọ́ bàbá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó ya àwọn ọmọ tí a pa ní ọjọ́ tí a bí wọn gan-an sọ́tọ̀, 37 ni wọ́n, ó sì bá a pé ìyá ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jùlọ, ọ̀dọ́ aláìlọ́kọ tí kì í ṣe wèrè. Bàbá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìbínú sí aya, tàbí ìfura pé ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀, ni a sábà ń bá lọ́dọ̀ bàbá. Òun náà ni ó ń pa ọmọ àti ìyá pọ̀, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ tẹ̀lé wọn.

Bí ìdájọ́ wọn ti rí ni ó yà wá lẹ́nu jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ìyá, 68 ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn, 27 sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Nínú ọgọ́rùn-ún bàbá, 72 ni ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tàbí tí a pa, ilé ìwòsàn kò sì gbà ju 14 lọ. Ara ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ìyá náà ṣàìsàn jù wọ́n lọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí èdè wa ti sọ láti ìgbà láéláé ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè náà ń sọ: ìyá tí ó pa ọmọ, orí rẹ̀ ni ó dàrú, bàbá tí ó pa ọmọ, ìkà ni. Nítorí èyí, bàbá tí ó ń ṣàìsàn kò rí ẹni wò ó kí ìjàǹbá tó dé, ìyá tí kì í ṣe aláìsàn kò sì rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ti bàbá tún ní ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí sílẹ̀ fún un nínú ìwé. Abala 295 nínú òfin ọdún 1916 gba òbí láyè láti na ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì pé ọdún 16 láti bá a wí, bí kò bá ti dá egbò sí i lára tàbí pa á lára gidigidi. Ọmọ tí bàbá lù kú kì í sábà bẹ̀rẹ̀ bí ìpànìyàn. Ìbáwí ni gbogbo àdúgbò gbọ́, wọ́n sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi ti òsì fà á mọ́ra. Ìdajì òwe náà ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Èkó ṣe ní ọdún 2007 kọ ìyà tí ó ń sọ ọmọ di aláìníyì, olùkọ́ tí ó bá sì rí àpá lára ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ibi tí ó lè lọ sọ ọ́ báyìí.

A padà sí ẹ̀sùn kékeré tí ó ti England wá, èyí tí ó di abala 329 nínú ìwé òfin wa. Kò dárúkọ ìyá. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fi òkú ọmọ pamọ́ láti bo ìbí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni. Láti ọdún 1861 ni England ti fi ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni, sínú rẹ̀, ó sì gba ọkùnrin wọlé bí ó ti gba obìnrin. Èkó ti ṣe ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti ọdún 2011. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà mú bàbá wá sílé ẹjọ́ ní Erékùṣù Èkó ì bá lọ sí àwọn ìwé ẹjọ́ tí ó wà ní ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣèrè. Ṣùgbọ́n iná jó ilé ẹjọ́ náà ní oṣù October ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìwé inú rẹ̀ sì bá iná lọ.